Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Worcester ní Massachusetts ni mò ń gbé, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ti di ọmọ ẹ̀yìn Red Sox, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Boston, pátápátá. Àríyànjiyàn wọn kì í tán nílé. Èyí ọkùnrin ní ọgbọ́n ni ẹgbẹ́ fi gbé àwọn ìràwọ̀ wọn, Mookie Betts àti Rafael Devers, fún ẹgbẹ́ mìíràn. Èyí obìnrin ní ahun ni àwọn tó ni ẹgbẹ́. Ní tèmi, kò tiẹ̀ yé mi bí wọ́n ṣe lè bá èèyàn ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá kí wọ́n sì gbé e lọ kí ọdún kejì tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre nínú àwọn ọmọ yìí?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. N kò ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Lórí ọ̀rọ̀ Betts, ọmọbìnrin yín ló jàre. Lórí ti Devers, ọmọkùnrin yín ní ẹjọ́ gidi lọ́wọ́, àmọ́ ohun tí ẹgbẹ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ tán ba ẹjọ́ náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rú ẹ̀yin fúnra yín lójú, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, torí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi dàgbà, òun la sì fi ń wo bésíbọ́ọ̀lù.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bí Arsenal bá fẹ́ ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ẹgbẹ́ méjèèjì á dúnàá-dúrà tán, wọ́n á tún wá jókòó ti agbábọ́ọ̀lù náà kó fọwọ́ sí ìwé tuntun. Bó bá ní òun kò lọ, ó parí. Bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí agbábọ́ọ̀lù ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ kan ń gbé lé ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ọdún àti owó tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù á sì tẹ̀lé ìwé rẹ̀ lọ. Kì í sábà jẹ́ owó ni ẹgbẹ́ kejì ń san padà; èèyàn ni wọ́n fi ń pààrọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lórúkọ.

Owó ni ìwé náà dè mọ́ ẹgbẹ́ lọ́rùn. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣèṣe, wọ́n á san án. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, wọ́n á san án. Kódà bí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé rẹ̀, wọ́n á san án. Ibi tí yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù ni ìwé náà kò ṣèlérí fún un.

Ẹ wo bó ṣe rí fún Devers. Oṣù Kìíní 2023 ló fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 10, mílíọ̀nù 313.5 dọ́là, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà 2025, ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní Fenway Park, pápá Boston, Boston sì na Yankees ti New York, ìgbà kẹta láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n ti gbé e fún San Francisco Giants. Ní Los Angeles, Kyle Harrison, ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Giants, ń na apá lọ́wọ́ láti kojú Dodgers, ẹgbẹ́ ìlú náà, nígbà tí wọ́n ní kó dáwọ́ dúró; ó ti di ọmọ Boston. Giants gba gbogbo owó tó ṣẹ́kù lórí ìwé Devers, tó lé ní mílíọ̀nù 250 dọ́là. Kọ́bọ̀ kan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kò sì ní dandan ni kí ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó wù ú láti lọ.

Ọ̀nà méjì ni agbábọ́ọ̀lù lè fi kọ̀. Ọ̀kan ni pé kó ti lo ọdún 10 nínú líìgì, kí 5 tó kẹ́yìn jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà. Ọdún 2017 ni Devers wọlé, nítorí náà 2027 ni ìbá tó ní ẹ̀tọ́ yìí. Ẹ lè fojú ara yín rí ìdí tí ẹgbẹ́ kò fi fẹ́ dúró pẹ́. Ọ̀nà kejì ni pé kó ti bá wọn kọ ọ́ sínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbé òun lọ láìgba àṣẹ òun. Giancarlo Stanton ní irú rẹ̀ nínú ìwé mílíọ̀nù 325 dọ́là tó bá Miami ṣe. Nígbà tí Miami fẹ́ ta á ní 2017, ó kọ St. Louis, ó kọ San Francisco, ó ní ẹgbẹ́ mẹ́rin péré lòun lè gbà láti lọ, Yankees wà nínú wọn, Yankees náà ló sì lọ. Devers kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn Curt Flood fáwọn ọmọ yẹn, torí ó dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka iye owó agbábọ́ọ̀lù lórí kì í mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1969, St. Louis Cardinals ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Philadelphia. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ti lo ọdún 12 níbẹ̀ ni, ó kọ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Láyé ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí agbábọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àdéhùn bá parí, ẹgbẹ́ náà ló ṣì ni ín. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́bi ní 1972, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kó tó dìgbà náà. Ní 1975 ni onílàjà kan tó wá dá agbábọ́ọ̀lù méjì, Andy Messersmith àti Dave McNally, sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Gbogbo owó ńlá tí a ń gbọ́ lónìí, ẹ̀yìn ìyẹn ló ti wá.

Ohun kan tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín gan-an. Èèyàn 26 ló ń wà nínú ẹgbẹ́ ńlá fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, àmọ́ èèyàn 40 ló wà lórí ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ fi dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó kù. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà láàárín 26 sí 40 yìí lẹ ń rí ní Polar Park, pápá Worcester tí ẹgbẹ́ kejì Red Sox ti ń gbá. Ẹgbẹ́ lè rán agbábọ́ọ̀lù kan sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún sáà mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn lè gbà á. Ní oṣù Kẹrin 2025, Kristian Campbell, ọ̀dọ́ Boston kan, gba àdéhùn ọdún 8, mílíọ̀nù 60 dọ́là. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ó ti wà ní Worcester, torí igi rẹ̀ kò dún mọ́. Owó rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀tọ̀ ni ìwé owó, ọ̀tọ̀ ni ìwé ipò, màmá. Bí àwọn ọmọ yín bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdajì àríyànjiyàn wọn á rọlẹ̀.

Ó yá, Betts.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì ti di ti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà iṣẹ́. Ní mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó kéré jù lọ nínú líìgì tàbí ohun tó lé díẹ̀ sí i ló máa ń gbà. Ó jẹ́ 760,000 dọ́là ní 2025. Ní mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n á máa fa iye owó mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Bí wọn kò bá gbọ́ra yé, àwọn onílàjà á mú ọ̀kan nínú iye méjèèjì tó wà níwájú wọn, wọn kò ní pín in sí méjì. Lẹ́yìn ọdún kẹfà, ó di òmìnira, ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè lọ. Betts wọlé ní 2014. Òpin 2020 ni òmìnira rẹ̀. Ní 2018, òun ni wọ́n dìbò yàn pé ó ṣe dáadáa jù lọ ní American League, ìdajì líìgì tí Boston wà, ọdún yẹn náà sì ni Boston na Dodgers gba World Series, ife tó ga jù lọ nínú líìgì.

Bí ẹgbẹ́ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó ku ọdún kan kó di òmìnira, ohun mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Kó san owó tó bá béèrè. Kó jẹ́ kó gbá ọdún tó kẹ́yìn, kó sì gba ànfàní àtimú ọ̀dọ́ kan sí i bó bá lọ. Tàbí kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ nígbà tí ọjà rẹ̀ ṣì ń tà. Ọ̀nà kẹta yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké bíi Tampa Bay ń fi í jẹun, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Boston kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wò ó, líìgì yìí kò ní òpin lórí owó oṣù, ààlà ló ní. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá ààlà á san ìtanràn lórí iye tó fi kọjá: dọ́là 20 nínú 100 ní ọdún àkọ́kọ́, 30 bó bá tún kọjá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 50 ní ìgbà kẹta. Bó bá lọ sábẹ́ ààlà fún ọdún kan, kíkà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Boston kọjá ní 2018, ó tún kọjá ní 2019 nígbà tí ààlà jẹ́ mílíọ̀nù 206. Ìtanràn ti 2018 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12 dọ́là, ti 2019 lé ní mílíọ̀nù 13. Wọ́n lé Dave Dombrowski tó kó ẹgbẹ́ náà jọ kúrò ní oṣù Kẹsàn-án 2019, wọ́n mú Chaim Bloom wá láti Tampa Bay, àṣẹ tó sì bá nílẹ̀ ni pé kí owó oṣù wá sábẹ́ mílíọ̀nù 208 ti 2020. Ẹgbẹ́ tí pápá rẹ̀ ń kún, tó ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife. Irú owó ìtanràn yẹn kò lè sọ ọ́ di tálákà.

Nǹkan tó wá bí mi nínú jù nínú pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Dodgers ní oṣù Kejì 2020 kì í ṣe pé wọ́n gbé Betts lọ nìkan. Wọ́n so David Price mọ́ ọn. Price ń ju bọ́ọ̀lù, ọjọ́ orí ti ń dé sí i, mílíọ̀nù 96 dọ́là sì ṣì wà lórí ìwé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Boston ní Dodgers tó bá fẹ́ Betts gbọ́dọ̀ gba Price náà, àwọn á san ìdajì owó rẹ̀. Bí èèyàn bá gbé àgbò ọdún wá sọ́jà, tó ní ẹni tó bá máa rà á gbọ́dọ̀ fa ewúrẹ́ àgbàlagbà kan dání, owó ewúrẹ́ yẹn ni oníbàárà máa yọ nínú owó àgbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Owó tó kúrò lọ́rùn Boston lọ́dún yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 27 ti Betts àti mílíọ̀nù 16 ti Price. Àwọn tó wá rọ́pò wọn ni Alex Verdugo, Jeter Downs àti Connor Wong. Kódà, pàṣípààrọ̀ àkọ́kọ́ tú ká nítorí pé Boston wo ìwé dókítà Brusdar Graterol, ajubọ́ọ̀lù Minnesota tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ wọn, wọn kò fọkàn tán ìlera rẹ̀. Graterol gba Los Angeles lọ, ọ̀rọ̀ sì parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2020.

Mo mọ ohun tí ọmọkùnrin yín máa sọ. Á ní Betts ti kọ owó wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òótọ́ ni. Ìròyìn tó jáde ni pé wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 300 fún ọdún 10, òun béèrè mílíọ̀nù 420 fún ọdún 12. Á ní ó ti sọ ní gbangba pé òun fẹ́ dé ọjà kóun rí iye tóun tó. Òótọ́ ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun fẹ́ mọ iye òun kò tíì sọ pé òun ń lọ. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, kó tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi kan ṣoṣo fún Dodgers, ó fọwọ́ sí ọdún 12, mílíọ̀nù 365 dọ́là, kò tilẹ̀ dé ọjà tó ní òun fẹ́ dé. Ó wà láàárín iye méjèèjì. Lóòótọ́, àrùn kòrónà ti dé, ẹ̀rù sì ti ń ba gbogbo èèyàn lórí owó, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá ní sùúrù ìbá ti rí ànfàní yẹn jẹ.

Kì í ṣe pé mò ń fi àbájáde dá wọn lẹ́jọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gan-an ni mo gbà pé kò tọ́: ọmọ ọdún 27 ni Betts, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ó ń gbá, ó ń sáré, ó ń hán bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n bí sórí pápá, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lówó. Àbájáde kàn wá fi iyọ̀ sí ojú egbò ni. Boston gba 24, wọ́n pàdánù 36 ní sáà kúkúrú 2020, wọ́n gbẹ́yìn ní AL East, ìsọ̀rí ẹgbẹ́ márùn-ún tí wọ́n wà. Dodgers gba World Series lọ́dún yẹn, wọ́n tún gbà á ní 2024 àti 2025, Betts wà níbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Nítorí òdodo, Boston sún mọ́ World Series ní 2021, Verdugo sì wúlò nígbà yẹn; Wong náà di ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, fún wọn. Àmọ́ wọ́n já Downs sílẹ̀ ní ìparí 2022, wọ́n gbé Verdugo fún Yankees ní ìparí 2023. Ní 2024, nígbà tí Dodgers ń na Yankees ní World Series, ẹni tó yí igi fẹ́ẹ́ tí ìdíje fi parí ni Verdugo, Betts sì dúró ní apá ọ̀tún pápá tó ń wò ó.

Àwọn àgbà Boston ti ní irú ọgbẹ́ yìí rí. Babe Ruth ni wọ́n tà fún Yankees ní òpin 1919, wọn kò sì gba World Series mọ́ títí di 2004. Ẹ̀yin ẹ má bá àwọn aládùúgbò yín wí bí wọ́n bá ń kígbe.

Devers yàtọ̀, mo sì fẹ́ kí ọmọbìnrin yín fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Wọn kò hawọ́ sí Devers. Lẹ́yìn tí Xander Bogaerts gba mílíọ̀nù 280 lọ sí San Diego ní ìparí 2022, inú àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ru, ẹgbẹ́ sì san owó ńlá fún Devers kí ó má baà lọ. Ìjà lórí ipò ló tú wọn ká. Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n gba Alex Bregman sí béèsì kẹta, ibi tí Devers ń dúró lórí pápá, wọ́n ní kí Devers máa gbá bọ́ọ̀lù nìkan, kó má wọ pápá mọ́. Ó sọ fáwọn oníròyìn pé ohun tí wọ́n bá òun sọ nígbà tóun fọwọ́ síwèé kọ́ nìyẹn. Ó gbà níkẹyìn. Ní oṣù Karùn-ún, Triston Casas tó ń dúró ní béèsì àkọ́kọ́ ṣèṣe gidi, wọ́n tún ní kí Devers wá dúró níbẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀, ó sì sọ ọ́ síta. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Èmi ò gbà pé Devers nìkan ló jẹ̀bi. Ẹni tó gba mílíọ̀nù 313.5 yẹ kó lè kọ́ béèsì àkọ́kọ́ bí ilé bá ń jóná, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fẹ́ gba ipò ọmọ rẹ̀ fún àlejò ló yẹ kó kọ́kọ́ pè é sẹ́yìn ilé, kó bá a sọ̀rọ̀ kí ìròyìn tó gbé e. Síbẹ̀, ní ti ìṣirò, ọmọkùnrin yín lè dúró: owó ọdún mẹ́jọ ló ṣẹ́kù, ọwọ́ rẹ̀ lórí pápá kò dára púpọ̀, gbogbo owó náà sì kúrò lọ́rùn ẹgbẹ́ láìku kọ́bọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ẹgbẹ́ mìíràn gba irú ìwé yẹn tán porogodo.

Ẹjọ́ ọmọkùnrin yín wá bàjẹ́ níbi ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Harrison, Jordan Hicks, James Tibbs àti Jose Bello ni Giants kó wá. Worcester ni wọ́n kọ́kọ́ rán Harrison sí. Tibbs kò lò tó oṣù méjì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọjọ́ tí ọjà pàṣípààrọ̀ ń tì, wọ́n fi òun àti ọ̀dọ́ mìíràn gba Dustin May lọ́wọ́ Dodgers, ẹni tí àdéhùn rẹ̀ máa parí lópin sáà náà. Boston dé ìdíje ìparí sáà, Yankees sì na wọ́n méjì sí ọ̀kan ní ìpele àkọ́kọ́. Owó tó bọ́ lọ́rùn ẹgbẹ́ kò ì gbá bọ́ọ̀lù kankan fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá fi ra ẹni tí igi rẹ̀ tó ti Devers, a jẹ́ pé inú àpò àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni èrè wà.

Nítorí náà, bí ìròyìn mìíràn bá dé, ẹ ní kí àwọn ọmọ yẹn kọ́kọ́ béèrè ọdún mélòó ló kù lórí ìwé ẹni tó lọ, lẹ́yìn náà ta ló máa san owó rẹ̀. Wọ́n lè wá béèrè àwọn tó wá dípò rẹ̀, àti ohun tí ẹgbẹ́ fi owó tó ṣẹ́kù ṣe kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2026, torí ọjọ́ náà ni àdéhùn gbogbogbòò tó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn tó ni ẹgbẹ́ máa parí. Ọ̀rọ̀ ààlà owó àti ìtanràn tí mo ṣàlàyé lókè lè yí padà nígbà náà.

Roman Anthony, ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Boston, ni kí wọ́n máa fi ṣe ìwọ̀n báyìí. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó fọwọ́ sí ọdún 8, mílíọ̀nù 130 dọ́là ní oṣù Kẹjọ 2025, oṣù méjì péré lẹ́yìn tó kúrò ní Worcester yín. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní 2026, ó sì fi ọdún méjì kún ìgbà tí ìbá ti di òmìnira. Bó bá di ẹni tí gbogbo wa rò pé ó máa dà, owó yẹn á kéré sí iye tó tó, ẹgbẹ́ á sì ní àyè láti san owó gidi fún àwọn tó máa dúró tì í. Ọwọ́ àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló kù sí láti san án.